Ìlà Tó Ń Bá Omi Sọ̀kalẹ̀

Ọkùnrin náà ti rì dé orúnkún nínú ẹrẹ̀ kí Onítíkẹ́ẹ̀tì tó gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan sókè orí bí ẹni tó ru ẹyin, ó fi eyín di wáyà dúdú kan mú, bàtà rẹ̀ ọ̀tún sì ti dá dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú. Adágún náà tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò mì, kò dán. Àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ lórí èbúté ń wò ó, wọ́n ń rọra rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó dìde.

Onítíkẹ́ẹ̀tì ti fèrèsé àgọ́ rẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà, ó fa pákó gígùn kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì tì í lórí ẹrẹ̀ títí ó fi kan ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ má jà mọ́," ó ní. "Bí ẹ bá ṣe ń jà á ni ó ṣe ń gbé yín mì. Ẹ gun pákó yìí."

Ọkùnrin náà fèsì, ṣùgbọ́n wáyà ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kọ́kọ́ tu wáyà sílẹ̀ ná, kí ẹ tó dúpẹ́."

Nígbà tó gòkè tán, Onítíkẹ́ẹ̀tì gbé omi inú garawa fún un kó fi ṣan ẹsẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn èbúté, ó ń ṣan ẹsẹ̀ kan tó ní bàtà àti èkejì tí kò ní.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń wá níbẹ̀?" Onítíkẹ́ẹ̀tì bi í.

"Omi."

"Omi ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Ibi tí ẹ dúró sí, omi ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Ọkùnrin náà gbójú sókè wò ó. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kan fara pamọ́ sí igun rẹ̀. "Ìyẹn gan-an ni wọ́n ní kí n wá wò," ó ní.

Onítíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní kékeré. Ó kàn ti pẹ́ nídìí títa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ débi pé àwọn ọmọdé rò pé ńṣe ni wọ́n bí i mọ́ èbúté. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ló kù ú kù, ọmọ kan ṣoṣo sì ni. Ó ti ní àfẹ́sọ́nà rí. Nígbà tí ẹja kò pọ̀ mọ́, ọkùnrin yẹn ní òun ń lọ wáṣẹ́ ní ìlú ńlá, òun ń bọ̀. "Mò ń bọ̀" náà ti di ọdún púpọ̀. Ìlú fúnra rẹ̀ ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ní òpópónà tó lọ sí èbúté, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fi àgádágodo há, ewéko sì ti ń yọ lójú fèrèsé wọn. Obìnrin tó bá wà nírú ibẹ̀ kì í retí àlejò.

Àmọ́ àlejò yìí padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá lọ́jọ́ kẹta. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì omi ni. Ó so àpótí kan mọ́ òpó èbúté, tó ń wọn jíjìn omi ní wákàtí wákàtí, tó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lórí fóònù kó rí adágún náà bí ìlà. Bí omi bá kún, ìlà á gòkè. Bí ó bá fà, ìlà á sọ̀kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kàkà kó sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò ṣí, yóò sì fi ìlà hàn án. Kò pẹ́ tí àwọn èrò fi sọ ọ́ ní Onílà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́ rekete, kò sí ilà kan níbẹ̀.

Àgọ́ tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni iná ti máa ń dúró dáadáa ní èbúté, nítorí náà ibẹ̀ ni Onílà ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì omi ti ń wọn adágún yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n orí bébà ni gbogbo rẹ̀ wà, bébà tí ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti kó èrò lọ tí èbúté sì dákẹ́, Onítíkẹ́ẹ̀tì á máa ka iye náà sókè, Onílà á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àárọ̀ di ọ̀sán, ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kan láàárín wọn ju "mítà mẹ́jọ ó lé díẹ̀" lọ, síbẹ̀ nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, "ẹ" ti kúrò lẹ́nu àwọn méjèèjì, "o" ló kù.

Bébà ọdún kan sọnù pátápátá.

"Ṣé o ò kàn ní so ó pọ̀ ni?" Onítíkẹ́ẹ̀tì ní. "Fa ìlà láti ibí dé ibẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ibi tí mi ò bá mọ̀, kí ìlà já níbẹ̀," Onílà dáhùn. "Ìyẹn sàn ju kí n máa ṣe bí ẹni tó mọ̀."

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, ó pè é kó wá wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì mẹ́rin wà lókè: ọ̀sẹ̀, oṣù, ọdún, gbogbo rẹ̀. Nísàlẹ̀, ìlà tín-ín-rín mìíràn wà tí èèyàn lè fi ìka fún pọ̀ tàbí kó fà gùn, kó fi yan àkókò tó fẹ́ wò. Bí ìka bá sì kan ìlà ńlá níbikíbi, ọjọ́ náà á yọ, pẹ̀lú bí omi ṣe jìn tó.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?" Onílà bi í.

Ó sọ fún un. Onílà fa ìlà ìsàlẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó fún un pọ̀, ó sì gbé ìka Onítíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lé ọjọ́ náà.

"Omi kún dẹ́nu," ó ní.

"Bàbá mi máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ni wọ́n ti gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn, pé omi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Mo rò pé àsọdùn àgbàlagbà ni."

"Kì í ṣe àsọdùn."

Ìka rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kò sì fà á kúrò.

"Tí mo bá ti parí ojú ewé yìí, wọ́n á rán mi lọ síbòmíràn," Onílà wí. Ó ń wo kọ̀ǹpútà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mi ò fẹ́ dá lọ."

"Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ rà ni?"

"Méjì."

"Àlọ nìkan, àbí àlọ àtàbọ̀?"

"Èyí tí o bá fún mi ni mo máa gbà, Onítíkẹ́ẹ̀tì mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì yí ojú sí fèrèsé kí Onílà má baà rí bí omijé ṣe lé sí i lójú.

Bàbá rẹ̀, Baba Káfíńtà, ló ń kan gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó wà ní adágún yẹn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ràn Onílà nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n á jọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń kàn lọ́wọ́, ọkọ̀ ńlá oníkùn jíjìn, irú èyí tí wọn kì í sábà kàn mọ́. Awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ èrò ní èbúté ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, olọ́mọ púpọ̀, tó ti ń wa ọkọ̀ ẹlòmíràn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó fẹ́ ní tirẹ̀ kó tó dàgbà jù.

Ọjọ́ tí Onílà tẹ bọ́tìnnì "gbogbo rẹ̀" fún ìgbà àkọ́kọ́, Onítíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ síwájú láti wò ó dáadáa. Ìlà náà sọ̀kalẹ̀ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún bí arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: yóò dúró díẹ̀, yóò gòkè ẹsẹ̀ kan nígbà òjò, yóò tún sọ̀kalẹ̀ ẹsẹ̀ méjì. Onílà ti fa ìlà pupa kan gba ìsàlẹ̀ kọjá. Ó ní bí omi bá ti wà nísàlẹ̀ ìyẹn, ọkọ̀ oníkùn jíjìn kò lè léfòó mọ́. Ìlà omi àti ìlà pupa kò jìnnà síra wọn.

"Ìgbà wo ni yóò kàn án?" Onítíkẹ́ẹ̀tì bèèrè.

"Ọdún tó ń bọ̀. Bí òjò bá ṣàánú wa, èyí tó tẹ̀ lé e."

"Ọkọ̀ bàbá mi ńkọ́?"

Onílà fi ìka kan ìlà pupa náà.

Òjò ti rọ̀ díẹ̀ ní oṣù yẹn. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì "oṣù," ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Onítíkẹ́ẹ̀tì wò ó, ó wò ó, ó sì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Jẹ́ kó máa ṣí sí oṣù kan," ó ní. "Mi ò ní kí o parọ́. Bọ́tìnnì á ṣì wà níbẹ̀. Kí ó kàn jẹ́ pé oṣù ni wọn á kọ́kọ́ rí, títí Bọ̀dá Awakọ̀ á fi gba ọkọ̀ rẹ̀."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n máa ń gbà gbọ́."

"Mo mọ̀," ó ní. "Bàbá mi ò ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn èyí. Mo bẹ̀ ẹ́, ìfẹ́ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀. Onílà yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú kọ̀ǹpútà, "gbogbo rẹ̀" di "oṣù," ó sì pa á dé. Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn nígbà tí wọ́n ń ti àgọ́.

Ojú ewé jáde fún gbogbo ayé, ọ̀gá ọ́fíìsì omi yin Onílà, ó sì jọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Awakọ̀ wá sójú fèrèsé àgọ́, ó na fóònù rẹ̀ wọlé.

"Àbúrò mi, wò ó," ó ní. "Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, àṣé omi ti dúró. Mo ti bá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ìyá mi sọ̀rọ̀. A ó fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí n lè kó owó ọkọ̀ fún bàbá yín."

Onítíkẹ́ẹ̀tì dá fóònù padà fún un. "Ó dáa, Bọ̀dá," ló rí sọ.

Lójoojúmọ́, tí Awakọ̀ bá ti gúnlẹ̀, yóò juwọ́ sí Onítíkẹ́ẹ̀tì láti orí ọkọ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Obìnrin náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ló tà. Bó bá dákẹ́, ó ta ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà, ó jáde kúrò nínú àgọ́, ó lọ bá Awakọ̀ níbi tó ti ń nu ìjókòó ọkọ̀.

"Bọ̀dá, ẹ mú fóònù yín. Ẹ tẹ ibí yìí."

Awakọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó wo ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Onítíkẹ́ẹ̀tì fi ìlà pupa hàn án, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀?" Awakọ̀ bèèrè.

"Kí ojú ewé náà tó jáde."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Ẹ má bi mí ní ìyẹn, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́."

Awakọ̀ kó aṣọ ìnujókòó rẹ̀ sínú garawa. Kò bínú. Ó ṣe Onítíkẹ́ẹ̀tì bíi pé ìbínú ì bá tiẹ̀ sàn jù.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ ń pọ́n ayùn ní ẹnu ọ̀nà. Kò gbé ojú sókè.

"Ṣé ìwọ lo fi hàn án?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló fa ìlà pupa yẹn?"

Bàbá rẹ̀ ti mọ ẹni tó fà á.

Baba Káfíńtà fẹ́ atẹ́gùn sórí eyín ayùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọn. "Ọkùnrin yẹn jókòó tì mí," ó ní. "Ó jẹun nílé mi, ó ń fọwọ́ pa pákó tí mo fá, ó sì mọ̀ pé ọkọ̀ tí mò ń kàn kò ní rí omi. Ẹni tó fa ìlà gba orí oúnjẹ mi kọjá kò lè jẹ́ àna mi. Bí mo bá kú, kí ẹ ṣe bó ṣe wù yín."

Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ gbẹ̀yìn fún ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Awakọ̀ kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó lọ sí ọ́fíìsì omi láti béèrè ìdí tí wọ́n fi fi apá kan hàn kí wọ́n tó fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ọ̀gá ọ́fíìsì pe Onílà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti gbé e lọ sí ibùdó omi kan tó jìnnà gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ lọ.

Ó wá sí àgọ́ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká. Òjò winiwini ń rọ̀, kò sì bọ́ sábẹ́ òrùlé.

"Mo ti yí i padà," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ni wọn á máa kọ́kọ́ rí."

"Wọlé kúrò lójò."

"Ó tọ́ bí o ṣe sọ fún un. Kì í ṣe pé o sọ ọ́ ló dùn mí." Ó gbé báàgì sí èjìká kejì. "A jọ dẹ́ṣẹ̀ ni. Ìwọ nìkan lo wá lọ ronú pìwà dà. O ò tiẹ̀ pè mí."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ló ba Onítíkẹ́ẹ̀tì pé bí òun bá pè é, yóò ní kí òun dúró díẹ̀, òun yóò sì dúró.

"Má bínú," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Mi ò bínú. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Ó fẹ́ na ọwọ́ sí i lójú fèrèsé, ó tún fà á padà, ó sì lọ.

Kò pè, obìnrin náà kò sì pè é. Ọdún yí. Omi fà kúrò lẹ́sẹ̀ èbúté, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn adágún, wọ́n sì dá ọkọ̀ èrò dúró. Awakọ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n ti àgọ́ tíkẹ́ẹ̀tì pa. Onítíkẹ́ẹ̀tì ń bá ilé ìwé kan ta ìwé àti gègé, lálẹ́ á gbé oúnjẹ ka iwájú bàbá rẹ̀, bàbá á jẹ ẹ́ láìwò ó. Ọkọ̀ ńlá náà dúró lórí ìtì igi lẹ́yìnkùlé, ó ń gbẹ, ó ń là.

Láràárọ̀, kí ó tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á ṣí ojú ewé náà lórí fóònù. Kì í ṣe nítorí omi. Ọwọ́ Onílà ló wà níbẹ̀: àwọ̀ tó yàn, bí ọjọ́ ṣe ń yọ lábẹ́ ìka, bí ìlà ṣe já ní ọdún tí bébà sọnù. Bí ìlà bá ti gùn díẹ̀ sí i ju tàná lọ, á mọ̀ pé ohun kan tí ọkùnrin náà ṣe ṣì ń mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà kò gùn. Lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú, kò gùn. Òpin rẹ̀ dúró gaga lójú kan, lẹ́yìn rẹ̀ funfun ni. Onítíkẹ́ẹ̀tì wọ bàtà òjò bàbá rẹ̀, ó sì lọ sí èbúté.

Àpótí náà ń bẹ lára òpó, ó rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Omi ti sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Òpó tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ wà níwájú lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Ó tú àpótí sílẹ̀, ó tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ́ dé ibẹ̀. Ó fi apá kan di òpó mú, ó ń fi apá kejì gbá ìṣó. Ìṣó tẹ̀. Ó yọ ọ́, ó gbá òmíràn, òmíràn náà tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí pákó ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Baba Káfíńtà ló ń bọ̀ lórí pákó, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu.

"Sún," ó ní.

Ó gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá ìṣó mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé bí ẹni tó mọ ilé. "Kì í ṣe nítorí ọkùnrin yẹn," ó ní láìbojú wẹ̀yìn. "Mi ò kàn lè jókòó lókè kí n máa wo ìṣó tó ń tẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ṣé ibi tí a gbé e sí yìí kò ní dà á láàmú? Ó ti rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ó máa ní láti mọ bó ṣe rẹlẹ̀ tó."

Bàbá rẹ̀ na okùn láti òpó àkọ́kọ́ dé èkejì, ó fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó bóyá ó tẹ́jú, ó wọn ìyàtọ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó dúró sórí pákó, ó ń wo omi.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní. "Ṣé èmi tí mò ń gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú omi lọ́dọọdún ni mi ò ní mọ̀ pé ọ̀nà ń gùn sí i? Mo kàn rò pé tí mi ò bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, bóyá omi náà á dúró dè mí." Ó nu òòlù sára ṣòkòtò. "Awakọ̀ ì bá ti run. O ṣe ohun tí èmi kò lè ṣe. Mo wá ń bá ẹ yan odì."

Onítíkẹ́ẹ̀tì di apá rẹ̀ mú. Wọ́n jọ rọra rìn gòkè bí ẹni méjì tó ń kúrò níbi ìsìnkú.

Fóònù rẹ̀ dún kí wọ́n tó délé.

"Ta ló gbé àpótí mi?" ohùn tó ti ń gbọ́ lójú àlá bèèrè.

"Omi sá fún un. A gbé e tẹ̀ lé omi." Ó ka iye tí bàbá rẹ̀ wọ̀n fún un.

"Mò ń wò ó," Onílà ní. "Nígbà tí ìlà já, mo rò pé ó tán nìyẹn. Mo ní wọn kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ mọ́. Mo ṣí i nísinsìnyí, mo rí àmì kan ṣoṣo, ó dá wà." Ohùn rẹ̀ wúwo. "'A' lo sọ. Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti bàbá mi."

Baba Káfíńtà na ọwọ́ gba fóònù. "Ọmọ yìí," ó ní sínú rẹ̀, "o jókòó tì mí, o ò sọ fún mi. Ìyẹn ló dùn mí. Tí o bá fẹ́ ọmọ mi, wá jókòó tì mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀." Ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Onílà wá ní òpin oṣù. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀ lẹ́bàá etí. Ó jókòó ti Baba Káfíńtà lẹ́yìnkùlé láti ọ̀sán, ó ṣí kọ̀ǹpútà lé orúnkún, kò sì fi ohun kan pamọ́ fún un. Ó sọ fún un iye ọdún tó kù fún adágún náà kó tó di àbàtà. Ó tún jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ nípa ọkọ̀ náà, òun sì dákẹ́ nítorí pé òun fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Baba Káfíńtà gbọ́ ọ tán.

"Níbi tí o wà yẹn," ó bèèrè, "ṣé wọ́n ń lo káfíńtà?"

"Wọ́n ń kọ́ ilé, sà. Wọ́n ń wá ẹni tó lè ṣe ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn," Baba Káfíńtà wí, bí ẹni tó ń tọ́ oògùn wò. "Ó dáa náà."

Onítíkẹ́ẹ̀tì ká Onílà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò omi níbi tó ti ń fọ ọwọ́.

"Mi ò pè ẹ́ lọ́jọ́ yẹn," obìnrin náà wí. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá fẹ́ ronú pìwà dà, màá mú ẹ dání."

"Èmi náà, mi ò ní fi apá kan hàn ẹ́ mọ́," Onílà dáhùn. "Bó ti wù kó burú tó."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní yàrá kékeré kan ní ọ́fíìsì ìjọba, níbi tí àga kò tó èèyàn. Awakọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó wọ kóòtù tó ti fún un jù. Baba Káfíńtà jókòó sẹ́yìn, ó ń yẹ férémù ilẹ̀kùn wò, ó ní ẹni tó ṣe é kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Akọ̀wé bi wọ́n ní ohun tó yẹ kó bi wọ́n, wọ́n sì dáhùn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń jáde ni òjò dé. Kì í ṣe winiwini. Òjò ńlá tó ń lu páànù bí òkúta. Àwọn tó kù ní ìlú jáde sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń na ọwọ́ sókè, àwọn àgbàlagbà ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Awakọ̀ bọ́ kóòtù rẹ̀, ó dúró sínú òjò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé adágún yóò padà.

Ìyàwó fà mọ́ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Aṣọ rẹ̀ ti rin. Ó ń wo àwọn èèyàn náà, ó sì rọra bi í, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́:

"Ṣé yóò tó?"

Onílà wo ojú rẹ̀.

"Kò ní tó," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ mi orí. Omijé dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ojú kúrò. Ó wá ọwọ́ ọkùnrin náà rí láàárín aṣọ tútù, ó dì í mú ṣinṣin, wọ́n sì jọ dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá.